Ẹ̀tọ́ Lórí Ohun-Ìní Ọpọlọ àti Aáwọ̀ Òwò Láàárín Orílẹ̀-Èdè: Àyẹ̀wò Iṣẹ́ Àdìrẹ àti Egbòogi Ìbílẹ̀ Yorùbá

Àṣamọ̀

Ohun-ìní kò mọ sórí ilé àti ilẹ̀ nìkan. Iṣẹ́ tí ọpọlọ ènìyàn gbé jáde náà jẹ́ ohun-ìní. Ta ni ó ni irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀? Ìbéèrè yìí ti di ohun tí àwọn orílẹ̀-èdè ń tìtorí rẹ̀ pe ara wọn lẹ́jọ́. Iṣẹ́ yìí ṣe àlàyé bí òfin ohun-ìní ọpọlọ ṣe wọ inú òwò àgbáyé, ó sì fi àdìrẹ àti egbòogi ìbílẹ̀ Yorùbá ṣe àpẹẹrẹ. Ó fi hàn pé ìmọ̀ tí gbogbo ìlú jọ ni kì í rí ààyè nínú òfin tí a ṣe nítorí ẹnì kan tí ó ní orúkọ àti ọjọ́ ìforúkọsílẹ̀. Ó tún fi hàn pé ìwé-ẹ̀rí nìkan kò tó bí kò bá sí owó àti ìjọba lẹ́yìn ẹni tí ó gbà á. Ní ìparí, iṣẹ́ náà dábàá ohun tí olùkọ́ èdè Yorùbá lè ṣe.

1.0 Ìfáárà

Sekona jẹ́ ìlú kan ní agbègbè Ẹdẹ, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ìlú oríta ni. Ẹni tí ó ń ti Ilé-Ifẹ̀ bọ̀ àti ẹni tí ó ń ti Gbọ̀ngán bọ̀ a máa pàdé níbẹ̀ kí wọ́n tó gba Ẹdẹ lọ sí Òṣogbo. Ọjà tí ó ń lọ sí ọ̀nà jíjìn àti èyí tí ó ń ti ọ̀nà jíjìn bọ̀ ni ó ń gba irú oríta bẹ́ẹ̀ kọjá. Ní ojú ọ̀nà kan náà yìí, àdìrẹ tí a fi ọwọ́ ṣe ní Òṣogbo lè wà nínú ọkọ̀ kan náà pẹ̀lú aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ àwòrán àdìrẹ sí lára ní ilẹ̀ Ṣáínà. Ojú lásán kì í tètè mọ ìyàtọ̀ àárín méjèèjì, ṣùgbọ́n iye tí à ń tà wọ́n yàtọ̀ gan-an, nítorí pé ohun tí aláró fi ọjọ́ púpọ̀ ṣe, ẹ̀rọ a máa ṣe é ní ìṣẹ́jú díẹ̀.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ohun a ní là á náání, ọmọ aṣẹ́gità ń náání èépo igi. Kí ènìyàn tó náání ohun kan, ó yẹ kí ó dá a lójú pé òun ni òun ni ín. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti di ìbéèrè nìyẹn. Ta ni ó ni àwòrán tí ó wà lára àdìrẹ? Ǹjẹ́ ẹni tí ó dà á kọ ní òkèèrè jẹ̀bi lábẹ́ òfin kankan? Bí ó bá jẹ̀bi, ta ni yóò pè é lẹ́jọ́, níwájú adájọ́ wo? Àwọn ìbéèrè wọ̀nyí ni iṣẹ́ yìí fẹ́ dáhùn. A ó kọ́kọ́ ṣe àlàyé ohun tí ohun-ìní ọpọlọ jẹ́, lẹ́yìn náà bí ó ṣe di ọ̀rọ̀ òwò àgbáyé, kí a tó yẹ ọ̀rọ̀ àdìrẹ àti ti egbòogi wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

2.0 Ohun tí Ohun-Ìní Ọpọlọ Jẹ́

Àwọn kan lè rò pé láti òkèèrè ni èrò yìí ti ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Yorùbá mọ̀ pé ìmọ̀ a máa ní ẹni tí ó ni ín. Oríkì orílẹ̀ kan kì í ṣe ti orílẹ̀ mìíràn. Ìdílé àyàn ni ó ni ìlù. Ẹni tí a kò bí mọ́ ọn tí ó bá fẹ́ kọ́ ọ gbọ́dọ̀ tọ ọ̀gá lọ. Ní Ẹdẹ fúnra rẹ̀, Tìmì Adétòyèṣe Láoyè, tí ó jọba láti ọdún 1946 títí di ọdún 1975, gbajúmọ̀ gẹ́gẹ́ bí ọba tí ó mọ dùndún lù, síbẹ̀ iṣẹ́ ìlù kò torí ìyẹn kúrò lọ́wọ́ àwọn àyàn. Oníṣègùn pẹ̀lú kì í sọ àpapọ̀ egbòogi rẹ̀ fún gbogbo ayé. Ọmọ rẹ̀ tàbí ọmọ-iṣẹ́ tí ó bá sìn ín dáadáa ni ó ń fi í lé lọ́wọ́. Nínú ètò yìí, agboolé, ẹgbẹ́ tàbí ìlú ni ó ni ìmọ̀, ẹ̀tọ́ náà kò sì ní ọjọ́ tí yóò tán.

Òfin òde òní gba ọ̀nà mìíràn. Ó pín ohun-ìní ọpọlọ sí oríṣìíríṣìí. Èkíní ni páténtì. Èyí ni ẹ̀tọ́ tí ìjọba fún ẹni tí ó ṣe ìhùmọ̀ tuntun, bí oògùn tàbí ẹ̀rọ, pé fún 20 ọdún, ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ ṣe é tà láìgba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Èkejì ni ẹ̀tọ́ àdàkọ, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí kọpiráìtì, èyí tí ó wà fún ìwé, orin, àwòrán, fíìmù àti ètò orí kọ̀ǹpútà. Nàìjíríà ṣe òfin lórí rẹ̀ ní ọdún 1988; òfin tuntun ti ọdún 2022, tí Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lù ní oṣù kẹta ọdún 2023, ni ó rọ́pò rẹ̀. Lábẹ́ òfin yìí, ẹ̀tọ́ lórí ìwé wà títí di 70 ọdún lẹ́yìn ikú ẹni tí ó kọ ọ́. Ẹ̀kẹta ni àmì ìdánimọ̀ ọjà, èyí tí ó ń fi ọjà oníṣòwò kan hàn yàtọ̀ sí ti ẹlòmíràn. Òfin Nàìjíríà lórí rẹ̀ ti wà láti ọdún 1965. Ẹ̀kẹrin ni bátànì, ìyẹn ìrísí tàbí àwòrán ara ọjà. Òfin ọdún 1970 lórí páténtì àti bátànì fún un ní ọdún 5, ó sì ṣe é tún gbà lẹ́ẹ̀mejì, kí ó fi di ọdún 15. Ẹ̀karùn-ún ni àmì orírun ọjà, níbi tí orúkọ àdúgbò kan ti di ẹ̀rí bí ọjà náà ṣe dára tó. Ọtí Champagne ti ilẹ̀ Faransé jẹ́ àpẹẹrẹ: lábẹ́ òfin ilẹ̀ Yúróòpù, ọtí tí kò bá ti àdúgbò náà wá kò gbọdọ̀ jẹ́ orúkọ yẹn.

Nǹkan mẹ́ta ni ó wọ́pọ̀ nínú ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ẹ̀tọ́ wọ̀nyí. Òfin fẹ́ mọ orúkọ ẹni tí ó ni iṣẹ́. Òfin fẹ́ kí iṣẹ́ náà jẹ́ tuntun tàbí kí ó jẹ́ ti ẹni náà fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ẹ̀tọ́ tí orílẹ̀-èdè kan bá fúnni kì í kọjá ẹnu bodè rẹ̀. Kí òǹkàwé fi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ́kàn, nítorí orí wọn ni ọ̀rọ̀ àdìrẹ yóò ti kọsẹ̀.

3.0 Bí Ọ̀rọ̀ Náà Ṣe Wọ Inú Òwò Àgbáyé

Nítorí pé ẹ̀tọ́ kì í kọjá ẹnu bodè, àwọn orílẹ̀-èdè bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara wọn ṣe àdéhùn. Àdéhùn Paris ti ọdún 1883 wà lórí páténtì, àmì ọjà àti bátànì. Àdéhùn Berne ti ọdún 1886 wà lórí ìwé àti iṣẹ́ ọnà. Ọdún 1993 ni Nàìjíríà wọ inú rẹ̀. Àjọ àgbáyé tí ó ń mójú tó ohun-ìní ọpọlọ, tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní Geneva, ni ó ń bójú tó àwọn àdéhùn náà. Àbùkù tí ó wà níbẹ̀ ni pé kò sí ìyà gidi fún orílẹ̀-èdè tí ó bá rú wọn.

Àwọn orílẹ̀-èdè tí ó ní ilé-iṣẹ́ oògùn, fíìmù àti ẹ̀rọ ńláńlá ni ó tẹnu mọ́ ọn pé kí a so ọ̀rọ̀ náà mọ́ òwò. Wọ́n gbé e wọ inú ìdúnàádúrà òwò tí ó bẹ̀rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Uruguay ní ọdún 1986. Íńdíà àti Brazil wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ ta kò ó, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n buwọ́ lu ìwé ní Marrakesh, ní ilẹ̀ Morocco, ní oṣù kẹrin ọdún 1994, àdéhùn ohun-ìní ọpọlọ tí a ń pè ní TRIPS wà nínú rẹ̀. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1995, Àjọ Ìṣòwò Àgbáyé bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, Nàìjíríà sì di ọmọ ẹgbẹ́ ní ọjọ́ náà gan-an.

Ìyàtọ̀ ńlá ni èyí mú wá. Lábẹ́ TRIPS, bí orílẹ̀-èdè kan bá kùnà láti dáàbò bo ohun-ìní ọpọlọ àwọn ará òkèèrè, orílẹ̀-èdè tí ó farapa lè pè é lẹ́jọ́. Wọn yóò kọ́kọ́ fi 60 ọjọ́ jíròrò. Bí wọn kò bá gbọ́ ara wọn yé, a ó yan ìgbìmọ̀ onídàájọ́. Bí ẹni tí ó jẹ̀bi kò bá ṣe àtúnṣe, ẹni tí ó jàre lè gba àṣẹ láti gbẹ̀san lára ọjà rẹ̀, fún àpẹẹrẹ nípa fífi owó-bodè kún ọjà tí kò tilẹ̀ mọ nǹkan kan nípa ìjà náà. Ìgbìmọ̀ kòtẹ́milọ́rùn wà pẹ̀lú, ṣùgbọ́n láti oṣù kejìlá ọdún 2019 ni kò ti lè gbọ́ ẹjọ́ mọ́, nítorí pé Amẹ́ríkà kò gbà kí a yan àwọn adájọ́ tuntun sí i. Ohun kan wà tí ó ṣe pàtàkì jù nínú ètò yìí: ìjọba nìkan ni ó lè gbé ẹjọ́ lọ síbẹ̀. Aláró, oníṣègùn tàbí ilé-iṣẹ́ kankan kò lè gbé e lọ fúnra wọn.

Àpẹẹrẹ ẹjọ́ méjì yóò jẹ́ kí èyí yéni. Ní oṣù kẹrin ọdún 2007, Amẹ́ríkà pe Ṣáínà lẹ́jọ́ pé òfin rẹ̀ kò mú àwọn adàwékọ àti adàfíìmùkọ le tó. Ìdájọ́ jáde ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2009. Amẹ́ríkà jàre lórí apá kan, ṣùgbọ́n lórí ẹ̀sùn pé Ṣáínà kì í fi ìyà ọ̀daràn jẹ àwọn tí iye ọjà ayédèrú wọn kò pọ̀, ìgbìmọ̀ náà sọ pé ẹ̀rí rẹ̀ kò tó. Bí alágbára bíi Amẹ́ríkà kò bá mú gbogbo ohun tí ó fẹ́ bọ̀, ó yẹ kí orílẹ̀-èdè tí kò lágbára tó o mọ̀ pé ẹ̀rí ni ẹjọ́.

Ẹjọ́ kejì ni ti Antigua àti Barbuda, erékùṣù kékeré tí iye ènìyàn inú rẹ̀ kò ju nǹkan bí 100,000 lọ. Ní ọdún 2003, ó pe Amẹ́ríkà lẹ́jọ́ nítorí pé Amẹ́ríkà ń dí i lọ́wọ́ láti ta tẹ́tẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì fún àwọn ará Amẹ́ríkà. Ó jàre. Ṣùgbọ́n báwo ni ẹni kékeré yóò ṣe gbẹ̀san? Bí Antigua bá fi owó-bodè kún ọjà Amẹ́ríkà, àwọn ará ìlú rẹ̀ ni yóò jìyà ọ̀wọ́n. Ní ọdún 2007, àwọn onílàjà pinnu pé ẹ̀san rẹ̀ lè tó mílíọ̀nù 21 dọ́là lọ́dọọdún, ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2013 sì ni Àjọ Ìṣòwò Àgbáyé fún un láṣẹ láti mú un nípa dídá ojúṣe rẹ̀ lórí ohun-ìní ọpọlọ Amẹ́ríkà dúró dé iye náà. Ìyẹn ni pé fíìmù àti orin Amẹ́ríkà di ohun tí ó lè fi ṣe ìdógò. Síbẹ̀, gbígba àṣẹ yàtọ̀ sí lílò ó. Ní àwọn ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ìdúnàádúrà ni Antigua ń lépa.

4.0 Àdìrẹ àti Ìbéèrè Ta Ló Ni Ín

4.1 Aṣọ náà àti orúkọ ara rẹ̀

Orúkọ aṣọ yìí fi bí a ṣe ń ṣe é hàn: ohun tí a dì, tí a sì rẹ sínú aró. Bí a bá fi ìko dì í, àdìrẹ oníko ni. Bí a bá fi abẹ́rẹ́ àti òwú rán an kí aró má baà wọ ibi tí a rán, àdìrẹ alábẹ́rẹ́ ni. Bí a bá fi ìyẹ́ adìẹ tọ ẹ̀kọ láfún ya àwòrán sí i, àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni. Ewé ẹ̀lú ni a ń gún, tí a ń sá, tí a sì ń fi omi eérú rẹ nínú ìkòkò títí tí aró yóò fi dá. Iṣẹ́ tí ìyá ń kọ́ ọmọ rẹ̀ obìnrin ni.

Àwòrán ara àdìrẹ ní orúkọ, orúkọ náà sì ní ìtàn. Òpó Gbọ̀ngàn Mápó wà nínú Ìbàdàndùn. Olókun ń tọ́ka sí òrìṣà òkun. Olóba jáde láti inú ayẹyẹ 25 ọdún tí Ọba George Karùn-ún ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lò lórí ìtẹ́, èyí tí a ṣe ní ọdún 1935. A rí i níbí pé àdìrẹ kò fìgbà kan jẹ́ iṣẹ́ tí ó ti ilẹ̀kùn mọ́ra. Aṣọ funfun tí wọ́n ń kó wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀pọ̀ aláró fi ṣiṣẹ́, wọ́n sì mú àwòrán láti ibikíbi tí ojú wọn bá rí i. Ohun tí ó sọ ọ́ di ti Yorùbá ni ọwọ́ tí ó ṣe é àti orúkọ tí a fún un.

Aáwọ̀ òwò lórí àdìrẹ kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1920 sí 1930, àwọn oníbàárà ń ti Gold Coast àti Senegal wá ra àdìrẹ ní Abẹ́òkúta. Nígbà tí ó yá, ọ̀pọ̀ aláró bẹ̀rẹ̀ sí í lo aró òyìnbó àti kọ́sítíìkì sódà dípò ẹ̀lú àti eérú. Ẹ̀sùn bẹ̀rẹ̀ sí í jáde pé aṣọ náà kò dára bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Aláké Adémọ́lá Kejì fi òfin de èròjà tuntun náà, àwọn aláró fárígá, ọ̀rọ̀ sì di ti ìgbìmọ̀ ìwádìí ní ọdún 1936. Láìsí àmì tí ó ya ojúlówó sọ́tọ̀, iṣẹ́ ẹni tí ó ṣe dáadáa àti ti ẹni tí kò ṣe dáadáa ń jẹ́ orúkọ kan náà lójú oníbàárà. Ìṣòro yìí kan náà ni ó padà wá ní ayé òde òní, àyàfi pé ayédèrú ti wá ń ti òkè òkun wọlé.

4.2 Aláró kan níwájú òfin

Ká ní aláró kan wà ní Sekona tí ó ń ya Olókun àti Ìbàdàndùn sára aṣọ, tí ó sì wá rí i pé ilé-iṣẹ́ kan ní òkèèrè ti fi ẹ̀rọ tẹ irú rẹ̀ jáde. Ilẹ̀kùn wo ni ó lè kàn?

Bí ó bá kan ilẹ̀kùn páténtì, wọn yóò sọ fún un pé ọ̀nà ìdì àti ìrẹ aṣọ kì í ṣe ìhùmọ̀ tuntun. Bí ó bá kan ti bátànì, wọn yóò béèrè bóyá àwòrán náà jẹ́ tuntun, bẹ́ẹ̀ ìyá rẹ̀ àgbà ti ń ya Olókun kí a tó bí i. Bí ó bá tilẹ̀ ya àwòrán tuntun tí ẹnikẹ́ni kò rí rí, ó gbọ́dọ̀ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ kí ó tó pàtẹ rẹ̀ lọ́jà. Ohun tí ojú gbogbo ènìyàn ti rí kì í ṣe tuntun mọ́ lójú òfin. Ẹ̀tọ́ àdàkọ lè dáàbò bo àwòrán tí òun fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí tí ó bá nílẹ̀.

Ilẹ̀kùn kan ṣì kù. Òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ Nàìjíríà, láti ọdún 1988, ní abala kan tí ó dáàbò bo iṣẹ́ àbáláyé àwùjọ, kí ẹnikẹ́ni má baà fi í ṣòwò lọ́nà tí ó yàtọ̀ sí ti ìṣẹ̀ṣe láìgba àṣẹ. Òfin ti ọdún 2022 sì pa á mọ́. Ṣùgbọ́n àjọ ìjọba tí ó ń mójú tó ẹ̀tọ́ àdàkọ ni òfin fi àṣẹ náà lé lọ́wọ́, kì í ṣe aláró. Òfin náà kò sì dé ilé-iṣẹ́ tí ó wà ní ilẹ̀ Ṣáínà. Ní ti àmì orírun ọjà, Nàìjíríà kò tí ì ní òfin tí ó dá dúró lórí rẹ̀. Ohun tí ó wà ni àmì ìjẹ́rìí sí ọjà lábẹ́ òfin àmì ìdánimọ̀ ọjà, èyí tí ó gba pé kí àwọn oníṣẹ́ kọ́kọ́ para pọ̀ di ẹgbẹ́ kan tí yóò máa yẹ iṣẹ́ ara wọn wò.

Ó kù kí ìjọba gbé ẹjọ́ lọ sí Geneva. Nàìjíríà kò tí ì pe orílẹ̀-èdè kankan lẹ́jọ́ níwájú Àjọ Ìṣòwò Àgbáyé. Bí ó bá tilẹ̀ fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀ lórí àdìrẹ, ẹ̀sùn wo ni yóò kà? Àdéhùn TRIPS kò ní ọ̀rọ̀ kankan lórí ìmọ̀ àbáláyé. Ẹni tí ó da Olókun kọ kò rú u. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ dà bí ọjà tí a gbé sí ojú ọ̀nà lójú òfin àgbáyé.

Síbẹ̀, TRIPS kò ṣàì dárúkọ aṣọ. Abala 25 rẹ̀ sọ pé owó àti ìlànà tí orílẹ̀-èdè bá là kalẹ̀ fún gbígba ẹ̀tọ́ lórí bátànì aṣọ kò gbọdọ̀ jẹ́ ìdíwọ́ tí kò tọ́ fún ẹni tí ó ń wá a. Èyí jẹ́ ojúṣe tí aláró lè rán ìjọba tirẹ̀ gan-an létí.

4.3 Àpẹẹrẹ Lomé, àti ọ̀nà tí Nàìjíríà gbà

Àwọn obìnrin oníṣòwò aṣọ ní Lomé, olú-ìlú Togo, tí wọ́n gbajúmọ̀ sí Nana Benz, fi ọ̀pọ̀ ọdún ta àǹkárá ilé-iṣẹ́ Vlisco ti ilẹ̀ Netherlands, èyí tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1846. Àwọn ni wọ́n ń sọ aṣọ lórúkọ, orúkọ náà sì ni ó ń ta á. Nígbà tí ẹ̀dà láti ilẹ̀ Ṣáínà dé pẹ̀lú owó pọ́ọ́kú, òwò wọn wó. Vlisco ní bátànì àti àmì tí ó forúkọ wọn sílẹ̀, nítorí náà ó ní ẹsẹ̀ tí ó lè fi dúró ní kóòtù. Àwọn Nana Benz kò ní nǹkan kan lórí orúkọ tí wọ́n fún aṣọ. Ìtàn náà sì ní ẹ̀yìn: láti ara bàtíìkì àwọn ará Java ni àwọn ará Netherlands ti kọ́ irú aṣọ bẹ́ẹ̀ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ẹni tí ó dà á kọ lánàá ni ó ń ké pe adàkọ lónìí. Ìforúkọsílẹ̀ ni ó mú ìyàtọ̀ wá.

Ní ti Nàìjíríà, ìdènà ọjà ni ohun èlò tí ìjọba ń lò jù. Ó ti fi òfin de aṣọ òkèèrè nígbà kan, ó sì ti tú u sílẹ̀ nígbà mìíràn. Ní oṣù kẹta ọdún 2019, Báńkì Àpapọ̀ kéde pé òun kò ní í ta owó ilẹ̀ òkèèrè fún ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ fi í kó aṣọ wọlé. Irú ìdènà bẹ́ẹ̀ lè ran ilé-iṣẹ́ ahunṣọ lọ́wọ́ fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n kò sọ ẹni tí ó ni àwòrán, àwọn onífàyàwọ́ sì mọ ọ̀nà ẹ̀yìn.

5.0 Egbòogi: Ìtàn Niprisan

Bí ọ̀rọ̀ àdìrẹ ṣe jẹ́ ti ohun tí a kò forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìtàn Niprisan jẹ́ ti ohun tí a forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Àlùfáà P. O. Ògúnyalé, oníṣègùn ìbílẹ̀ ọmọ Yorùbá, ní àgbo kan tí ó ń lò fún àwọn tí ó ní àìsàn fòní-kú-fọ̀la-dìde. Iyèré, igi osùn, kànáfùrù àti ewé ọkà bàbà ni ó wà nínú rẹ̀, ohun tí ìyá àgbà kan lè rí rà lọ́jà. Ó fi ìmọ̀ náà han ilé-iṣẹ́ ìwádìí oògùn ti ìjọba àpapọ̀ ní Abuja, tí a mọ̀ sí NIPRD, wọ́n sì bá a ṣe àdéhùn. Àwọn onímọ̀ níbẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì dán an wò lára àwọn aláìsàn. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1998, Amẹ́ríkà fún un ní páténtì, nọ́ńbà 5,800,819.

Ní ọdún 2002, ilé-iṣẹ́ Xechem ti Amẹ́ríkà gba àṣẹ láti ṣe oògùn náà tà. Ní ọdún 2006, ó jáde ní Nàìjíríà pẹ̀lú orúkọ Nicosan. Ọ̀pọ̀ ẹbí tí ó ní ọmọ aláìsàn bẹ̀rẹ̀ sí í ní ìrètí. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2008, Xechem wọ gbèsè, ó sì tọ kóòtù Amẹ́ríkà lọ fún ààbò lọ́wọ́ àwọn tí ó jẹ lówó. Oògùn náà di ọ̀wọ́n. Ọjọ́ páténtì kì í sì í dúró de ẹnikẹ́ni: àkókò rẹ̀ ti tán báyìí.

Nínú ìtàn yìí, kò sí ẹni tí ó jí ìmọ̀ gbé. Orúkọ wà, déètì wà, àdéhùn wà, ìwé-ẹ̀rí wà. Ohun tí kò sí ni owó àti ilé-iṣẹ́ ní ilé tí yóò sọ ẹ̀tọ́ di ọjà. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Oníṣègùn, onímọ̀ àti ìjọba nílò ara wọn dé òpin ìrìn àjò, kì í ṣe dé ìdajì.

6.0 Ohun tí Ó Ń Yí Padà, àti Iṣẹ́ Olùkọ́

Àwọn orílẹ̀-èdè tí ọ̀rọ̀ yìí ń dùn kò káwọ́ gbera. Ní ọdún 1995, Amẹ́ríkà fún àwọn kan ní páténtì lórí lílo ata ilẹ̀ pupa láti wo egbò. Íńdíà ta kò ó, ó kó àwọn ìwé àtijọ́ jáde láti fi hàn pé àwọn baba ńlá wọn ti mọ̀ ọ́n, wọ́n sì fagi lé páténtì náà ní ọdún 1997. Ní ọjọ́ 24 oṣù karùn-ún ọdún 2024, àwọn orílẹ̀-èdè fẹnu kò ní Geneva lórí àdéhùn tuntun: ẹni tí ó bá ń wá páténtì lórí ohun tí ó ti ara ewéko tàbí ẹranko jáde gbọ́dọ̀ sọ ibi tí ó ti rí i àti àwọn tí ó ni ìmọ̀ rẹ̀. Kò dé ọ̀dọ̀ aṣọ, ṣùgbọ́n ó jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ tí irú àdéhùn àgbáyé bẹ́ẹ̀ lórí ohun-ìní ọpọlọ yóò mẹ́nu kan ìmọ̀ àbáláyé.

Nítòsí ilé, Benin àti Togo wà nínú àjọ OAPI, tí ó ní orílẹ̀-èdè 17, níbi tí ìforúkọsílẹ̀ kan ṣoṣo ti tó fún gbogbo wọn. Nípasẹ̀ àjọ yìí ni ata Penja ti ilẹ̀ Cameroon fi gba àmì orírun ọjà ní ọdún 2013. Nàìjíríà kò sí nínú rẹ̀. Nítorí náà, Yorùbá tí ó ń rẹ aró ní Kétu àti èyí tí ó ń rẹ ẹ́ ní Sekona ń sọ èdè kan, ṣùgbọ́n wọ́n wà lábẹ́ òfin méjì.

Kí ni ó kan olùkọ́ èdè Yorùbá nínú èyí? Ó kàn án ní ọ̀nà mẹ́ta.

Ọ̀nà kìn-ín-ní ni àkọsílẹ̀. Ìwé ni Íńdíà fi jàre. Àwòrán àdìrẹ tí a yà ní fọ́tò, tí a kọ orúkọ rẹ̀, ìtàn rẹ̀, ìlú rẹ̀, ẹni tí ó ṣe é àti ọjọ́ tí a rí i sílẹ̀, jẹ́ ẹ̀rí tí ẹnikẹ́ni ní òkèèrè kò lè borí láti sọ pé òun ni òun kọ́kọ́ dá a. Ní Òṣogbo, ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà tí Nike Davies-Okundaye dá sílẹ̀ ní ọdún 1983 ti fi hàn pé a lè kọ́ ọ̀dọ́ ní àdìrẹ lẹ́yìn tí ìyá wọn kò rẹ ẹ́ mọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì lè fi orúkọ àti àkọsílẹ̀ kún un.

Ọ̀nà kejì jẹ́ ìkìlọ̀, ó sì yí ti àkọ́kọ́ padà. Ohun tí ó dára fún àwòrán lè ṣe egbòogi níjàm̀bá. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá lọ bá oníṣègùn, tí ó kọ àpapọ̀ egbòogi rẹ̀ pátá sínú iṣẹ́ àpilẹ̀kọ, tí ó sì gbé e sí ilé ìkàwé, ti sọ àṣírí di ohun gbangba. Láti ọjọ́ náà, oníṣègùn yẹn kò lè sọ pé ó jẹ́ tuntun mọ́, ẹni tí ó bá kà á sì lè lò ó láìsan kọ́bọ̀. Ó yẹ kí olùdarí iṣẹ́ ìwádìí máa béèrè kí akẹ́kọ̀ọ́ tó jáde lọ: ta ni ó ni ìmọ̀ yìí, ó ha gbà kí a tẹ̀ ẹ́ jáde bí, báwo ni a ó sì ṣe dárúkọ rẹ̀? Èdè, ọfọ̀ àti ìtàn lè wà nínú iṣẹ́ náà láìjẹ́ pé ìwọ̀n ewé wà níbẹ̀.

Ọ̀nà kẹta wà nínú kíláàsì gan-an. Ìwé eré-onítàn tàbí ìtàn-àròsọ Yorùbá tí a fi ẹ̀rọ dà kọ láti èèpo dé èèpo, tí a sì tà fún akẹ́kọ̀ọ́, jẹ́ ohun-ìní ọpọlọ ẹnì kan tí a mú láìsan owó rẹ̀. Oǹkọ̀wé Yorùbá tí kò rí èrè iṣẹ́ rẹ̀ kò ní í kọ òmíràn. A kò lè fi ẹnu kan dá adàkọ ilẹ̀ òkèèrè lẹ́bi, kí a sì fi ọwọ́ kan náà di ìwé àdàkọ lábẹ́ apá.

7.0 Àgbálọgbábọ̀

Iṣẹ́ yìí ti fi hàn pé òfin ohun-ìní ọpọlọ àgbáyé kì í béèrè ẹni tí ó kọ́kọ́ mọ nǹkan. Ẹni tí ó kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ni ó ń béèrè, ìjọba tí ó bá dìde fún un ni ó sì ń gbọ́ ohùn rẹ̀. Àdìrẹ kò ní orúkọ ẹnì kan lára, nítorí náà kò ní ẹlẹ́jọ́. Niprisan ní orúkọ, ṣùgbọ́n agbára tí yóò gbé e dúró kò tó. Antigua ní àre, síbẹ̀ àre náà kò tètè di owó. Fún aláró Sekona, ohun tí ó wà ní ìkáwọ́ ni kí àwọn oníṣẹ́ para pọ̀ gba àmì ìjẹ́rìí, kí wọ́n máa forúkọ àwòrán tuntun sílẹ̀ kí wọ́n tó pàtẹ rẹ̀, kí wọ́n sì bi ìjọba léèrè òfin àmì orírun ọjà. Ti olùkọ́ ni kí ó kọ orúkọ àwọn àwòrán náà sílẹ̀, kí ó sì kọ́ ọmọ ní wọn. Ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́.